Sàréè Sètónjí Nínú Yàrá Ìyá Àgbà

Ìjọba òyìnbó rán ọlọ́pàá wọ yàrá ìyá tí ó bí bàbá mi, wọ́n hú sàréè ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, wọ́n kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, wọn kò sì dá a padà di òní. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi gbólóhùn yẹn ṣáájú ni, nítorí mo ti rí i pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀sà àti àgbọn, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn a máa mi orí, wọn a ní ìtàn àtijọ́ dùn, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ẹjọ́ ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ilé tí wọ́n wọ̀ kò lè mọ ohun tí wọ́n bà jẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ agboolé wa ní ọdún tí eyín iwájú mi méjèèjì ká, tí àwọn sójà ń ti ogun Bọ́mà bọ̀ wálé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Etí ọ̀sà ni agboolé wa wà, lápá ibi tí èèyàn ti lè máa wo Tòpó ní òdìkejì omi. Ọ̀sà ń bẹ níwájú wa, òkun ń bẹ lẹ́yìn Tòpó. A kì í rí òkun láti ilé, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni à ń gbọ́ ọ, bí ìgbà tí àgbàlagbà kan bá ń hanrun nínú yàrá kejì. Àwọn Fàdá a máa lu agogo ní Tòpó ní ìdájí. A kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn, ṣùgbọ́n agogo wọn ni ìyá mi fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti dá iná. Lẹ́yìn agogo ni ariwo àgbọn. Ìyá Àgbà á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síta, á máa fi ẹ̀yìn àdá là á, kó, kó, kó, omi rẹ̀ á máa ṣàn sínú agbada, èmi á sì jókòó tì í, á máa rin ín títí ìka mi yóò fi bó. A óò fún oje rẹ̀, a óò gbé e ka iná, òórùn àdín àgbọn a sì gba gbogbo agboolé, aṣọ wa, irun wa, títí kan ẹja tí ìyá mi ń yan. Ọmọ Àwórì ni ìyá mi, láti Mọ́rogbo. Ègùn pọ́ńbélé ni bàbá mi. Èdè méjì ni à ń sọ lórí abọ́ kan. Ìyá Àgbà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí i, Ègùn ni ó fi ń sọ ọ́, ìyá mi a sì kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ rọra, ìyá ọkọ mi. Ẹ fi èyí tí mo gbọ́ bú mi, kí n lè mọ irú ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín yóò ti bú jáde lẹ́nu Ìyá Àgbà, ìbínú á sì tán.

Sètónjí ni àbúrò bàbá mi. Òun ni àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, Bàbá Kékeré ni èmi sì ń pè é. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọmọ kékeré gbáà ni mí nígbà tí ó lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba náà mọ́lẹ̀ kedere. Mo rántí èjìká rẹ̀. Á gbé mi lé e, á rìn wọ ọ̀sà títí omi yóò fi mù ún dé ọrùn, á ní, "Sènámì, ta ló ni omi yìí?" Èmi á ní, "Àwa ni!" Á ní, "Sọ ọ́ kí ará Tòpó gbọ́!" Àwọn apẹja a máa sọ pé bí Sètónjí bá ń wẹ̀, omi kì í pariwo, ńṣe ni ó ń là fún un. Nígbà tí àwọn tí ń gba èèyàn síṣẹ́ sójà dé Àgbádárìgì, bàbá mi ní kí ó má lọ, pé ogun òyìnbó kì í ṣe ogun bàbá ẹnikẹ́ni ní ilé wa. Sètónjí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ilẹ̀ tí wọ́n ń lọ, ilẹ̀ odò ni. Bí Haúsá bá lọ, tí Àwórì lọ, ta ni yóò gbé wọn sọdá?" Ìyá mi sọ ọmọrogùn lù ú nítorí ọ̀rọ̀ Àwórì yẹn.

Ó ní ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àwọn èèyàn wa. Bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni à ń gbé wá. Àwọn ni a óò wẹ̀, àwọn ni a óò di, tí a óò sì sin gẹ́gẹ́ bí odidi èèyàn. Ìyá kan ní ìsàlẹ̀ abúlé, tí ọmọ tirẹ̀ náà ń lọ sógun, ti gé irun díẹ̀ lórí ọmọ náà pamọ́ sínú ìkòkò. Ó wá gba Ìyá Àgbà nímọ̀ràn pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà yarí. Ó ní, "Èmi kò ní í gba òkú lọ́wọ́ ẹni tí ń mí." Sètónjí sì lọ pẹ̀lú gbogbo irun orí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn dé pé ó ti kú, kò sí ohun kankan lọ́wọ́ wa. Sójà kan tí ń kọjá lọ sí Sèmè ni ó yà wá sọ ọ́ fún bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣí fìlà, ó sọ ọ́, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi figbe ta. Ìyá Àgbà nìkan ni kò sunkún. Ó bèèrè pé, "Ta ló gbé e dé?" Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbé e dé. "Irun rẹ̀ dà? Èékánná rẹ̀ dà?" Wọ́n ní kò sí. "Ó ṣì wà lájò nìyẹn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i kú àráfẹ́rakù, a bu omi àgbọn fún un, a sì wò ó lójú kòrókòró, a ní, "Ta ló kú nílé yín?" Wọn a mu omi àgbọn náà, wọn a dìde lọ. Ṣùgbọ́n kò sùn mọ́. Mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, mo sì mọ̀. Baálé agboolé wa, tí ó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀, sọ fún bàbá mi pé, "Ìyá rẹ ò ya wèrè. Òkú tí a kò tíì sin ni kò jẹ́ kó sùn. Ẹ jẹ́ ká rí nǹkan sin fún un."

Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ ni wọ́n dé. A kò mọ̀ pé òyìnbó ń bọ̀. Ẹja wà lórí iná, àgbọn wà nílẹ̀ káàkiri. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan yọ lójú omi, àwọn ọmọdé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sáré bọ̀, "Yovó! Yovó!", gẹ́gẹ́ bí Ègùn ti ń pe òyìnbó. Ajẹ́lẹ̀ ni, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀ tí ó gbé agbòjò dání, àti sójà kan tí ń tiro. Wọ́n dúró sábẹ́ igi àgbọn. Ajẹ́lẹ̀ ń ka ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ń sọ ọ́ ní Yorùbá, bàbá mi ń sọ ọ́ ní Ègùn, kí ó má bàa sí ọ̀rọ̀ tí yóò bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní Sètónjí ṣe akin lójú ogun, irú èyí tí a kì í sábà rí. Wọ́n ní ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ajẹ́lẹ̀ ṣí àpótí kékeré kan. Mo ti rí fàdákà rí, lọ́rùn àwọn aya ọlọ́lá ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n n kò rí irú eléyìí rí. Ó rí roboto, orí ọba wà lára rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ọ̀já pélébé aláwọ̀ aró, funfun àti pupa, bí oòrùn sì ti bà á ni ó kọ mànà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sáré gba ojú ìyá mi, ó gba ara ògiri, ó gba orí ewúrẹ́. Kò sí ọmọdé kan tí ó tún pariwo. Mo rò nínú ara mi pé bí ohun tí Bàbá Kékeré ṣe bá lè mọ́lẹ̀ tó báyìí, a jẹ́ pé kò sí ibi tí ó lè ṣókùnkùn mọ́ fún un.

Ìyá Àgbà kò nawọ́. Ó ní, "Irun ọmọ mi ńkọ́?"

Ògbufọ̀ wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ kọ́kọ́ gbà á ná. Ọ̀gá ń kánjú."

"Bi í. Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ó bi í. Ojú Ajẹ́lẹ̀ pọ́n. N kò ní í purọ́ mọ́ ọn, kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní odò ni ó gbé òkú náà lọ, pé wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ó ní kò sí ohun tí ọba lè fi tán ẹ̀dùn ìyá akọni, ṣùgbọ́n ọba fi èyí rán sí i dípò rẹ̀.

"Dípò ta ni?"

"Dípò Sètónjí ni, Màmá."

"Ọba ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọba ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ gba ọmọ tuntun, ó sì gbà á. Ó wò ó pẹ́. Ó kí i káàbọ̀ ní Ègùn, ó pe oríkì rẹ̀, ó bi í léèrè pé ọ̀nà rẹ̀ ha dán mọ́rán bí. Ajẹ́lẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí a sọ níbẹ̀, nítorí lórí rẹ̀ ni ẹjọ́ mi dúró. Wọn kò ní kí a bá wọn tọ́jú rẹ̀. Wọn kò ní àwọn yóò padà wá gbà á. "Dípò rẹ̀" ni wọ́n sọ, níwájú Baálé, níwájú gbogbo agboolé, ní èdè mẹ́ta. Mo lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, mo ka òfin díẹ̀ mọ́ ìtàn, n kò sì tíì rí èdè tàbí òfin tí "dípò rẹ̀" ti túmọ̀ sí ohun tí a yá èèyàn.

Sójà tí ń tiro kò bá wọn padà. Lámídì ni orúkọ rẹ̀, Àwórì láti ìhà Òjó. Inú ìyá mi dùn bí ó ti gbọ́ ohùn ilé rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà, ó bu ẹ̀kọ fún un, ó bu ẹja tí ó tóbi jù lórí iná, bàbá mi sì ń wò ó bí ẹja rẹ̀ ṣe ń lọ. Nígbà tí ó jẹun tán, Baálé sún àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo wa la mọ ohun tí ó fẹ́ bèèrè, ẹ̀rù sì ń bà wá. Ìyá Àgbà fẹ́ sin ọmọ rẹ̀ sínú yàrá, sábẹ́ ẹní tí ó ń sùn lé, níbi tí a ń sin àwọn ọmọ onílé sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi bá pa, a kì í gbé e wọlé. Bèbè omi ni à ń sin ín sí, níbi tí omi ti pa á, àwọn aláwo omi ni yóò sì ṣe é. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn tì í. Ajẹ́lẹ̀ sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé odò ló gbé e lọ. Baálé ní, "Ọmọ mi, omi ló pa á, àbí ìbọn? Má fi ohun tí yóò dùn mọ́ wa dá wa lóhùn."

Lámídì fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, bàbá. Òjò ilẹ̀ yẹn kì í ṣe òjò tiwa, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un. A sọdá odò kan, afárá já lẹ́yìn wa. Àwọn ọ̀tá wà lórí òkè pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta. Wọ́n rọ̀ ọ́ lé wa lórí. Àwa tí ó bà, a sùn sẹ́yìn òkúta, a ò lè rìn, a ò lè padà. Èmi, ẹsẹ̀ yìí ni. Sètónjí wà lódìkejì, níbi tí kò séwu. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Sètónjí ní, 'Bí a bá dúró kí ilẹ̀ ṣú, òkú la máa kó sọdá.' Ó gé ọparun, ó dì wọ́n pọ̀, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó wọ omi. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó fi àyà ti ọparun náà, orí rẹ̀ nìkan là ń rí, ọta ń ta omi fàà, fàà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó gbé ẹnì kan lọ, ó padà wá. Ó gbé òmíràn, ó tún padà. Haúsá, Ìgbò, Tífì, kò yàn. Mo ní, 'Sètónjí, ó tó, sinmi.' Ó ní, 'Ẹ̀yin ará òkè, ẹ rò pé omi ni ẹ rí yìí? Omi ìṣanwọ́ ni.'"

Agboolé bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn, nítorí ohùn rẹ̀ gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé.

"Èmi ló kẹ́yìn," ni Lámídì wí. "Kí n má purọ́, mo ń bẹ̀rù omi náà ju ọta lọ."

Ìyá mi ní, "Àwórì wo ló ń bẹ̀rù omi? Má bà wá lórúkọ jẹ́ lójú ará ilé ọkọ mi."

"Àwórì oko ni mí, ẹ̀gbọ́n. Ó dì mí mọ́ ọparun, ó ní kí n di ojú. Ìgbà tí mo la ojú, a ti dé èbúté. Ó gbé mi jù sórí iyanrìn. Ó jáde, ó dúró tì mí, ó na ẹ̀yìn, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìbọn sì dún."

"Dúró níbẹ̀," ni Baálé wí. "Níbo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà?"

"Lórí iyanrìn."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì, bàbá. Mo wà nílẹ̀ lẹ́bàá wọn, àwọn ni mo ń wò. Iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn dé ọrùn ẹsẹ̀."

"Omi ò kàn án?"

"Omi ò kàn án. Àyà ló ti bà á. Ó ti kú kó tó ṣubú. Ẹ̀yìn ló ṣubú sí, bèbè náà ya lábẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ni odò wá gbé e. Mo lè fi Kùránì búra."

Òkun lẹ́yìn Tòpó nìkan ni ó ń dún. Baálé fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ìbọn ló pa á, orí ilẹ̀ ló kú sí. Òkú ilé ni. Omi kàn jí i gbé ni." Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún. Ẹkún náà jáde láti ibi tí ó jìn, ìyá mi sì dì í mú, òun náà ń sunkún, wọ́n ń mì bí igi méjì tí afẹ́fẹ́ kan náà ń fẹ́.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n sin ín. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá náà, kì í ṣe ihò kékeré tí fàdákà kan lè wọ̀ o, sàréè tí ó gùn tó ọkùnrin tí ó ga bíi Sètónjí. Ìyá Àgbà fi omi ọ̀sà wẹ fàdákà náà, ó fi àdín àgbọn ra á lára bí ó ti máa ń ra á fún Sètónjí nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun gbọọrọ, wọ́n sì gbé e sí ibi tí àyà yóò wà. Bàbá mi gé díẹ̀ lára àwọ̀n ẹja rẹ̀ sí i. Lámídì dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ kan tí ó dára, ó kí i bí sójà ti ń kí ọ̀gá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí. Mo wo inú sàréè náà kí wọ́n tó bò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, èèyàn ni mo rí. Mo rí ibi tí orí wà, mo rí ibi tí ẹsẹ̀ wà, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ kan ní àyà rẹ̀, níbi tí ọta ti wọlé. Mo ti dàgbà, mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní ìlú òyìnbó, n kò tíì rí ohun tí ó mú mi fẹ́ wólẹ̀ bí aṣọ funfun yẹn. Wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ilẹ̀ náà. Ìyá Àgbà tẹ́ ẹní rẹ̀ lé e, ó sì sùn. Ó sùn títí agogo Tòpó fi lù, tí ó dákẹ́, tí ìyá mi dá iná, tí ẹja jinná. Bàbá mi ní kí ẹnikẹ́ni má la àgbọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà títí ọyẹ́ fi dé. Ìyá Àgbà padà sí bí ó ti wà, ó tún ń fi Ègùn bínú sí ìyá mi. Bí mo bá ṣẹ̀, a ní kí n wọ yàrá lọ ro ẹjọ́ fún Bàbá Kékeré mi. Mo máa ń wọlé lọ rò ó lóòótọ́, mo sì máa ń jàre.

Ọ̀gá ńlá kan ni ó fẹ́ ti Èkó wá sí Àgbádárìgì, wọ́n sì fẹ́ to àwọn akọni ogun fún un wò. Ajẹ́lẹ̀ tí ó mú fàdákà wá ti padà sí ìlú rẹ̀, ẹlòmíràn ti wà nípò rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé kí Ìyá Àgbà fi fàdákà náà sí àyà wá. Bàbá mi, tí kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀, sọ òtítọ́: a ti sin ín. Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tún yọ, ọlọ́pàá ni ó kún inú rẹ̀, àti ògbufọ̀ àtijọ́ náà. Ajẹ́lẹ̀ tuntun kò wá fúnra rẹ̀.

Ògbufọ̀ ní, "Ọ̀gá ní orí ọba lẹ fi sin sínú erùpẹ̀. Ó ní ìwọ̀sí ni, ìwà kèfèrí ni."

Bàbá mi ní, "Inú ilẹ̀ yàrá la ti ń sin ọba tiwa náà. Ìwọ̀sí wo ló wà níbẹ̀? Ìwọ gan-an lo wà níbí tí wọ́n ní dípò rẹ̀ ni. Lọ sọ ọ́ fún un."

"Ta? Èmi? N ò lè sọ ìyẹn lójú òyìnbó, bàbá Sènámì. Mo ní ọmọ nílé."

Ìyá Àgbà ti wọlé, ó ti sùn sórí ẹní rẹ̀ gbọọrọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹní mú. Kò pariwo. Ó ń bi àwọn ọlọ́pàá náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́? Ìyá rẹ wà láyé? Níbo ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ sí?" Èyí tí ó gbé ọkọ́ dání wò ó, ó gbé ọkọ́ náà ti ògiri, ó sì jáde lọ jókòó sétí omi. Mo ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn di òní, bí n kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó kù gbé Ìyá Àgbà pẹ̀lú ẹní rẹ̀, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n hú ilẹ̀ náà. Wọ́n fa aṣọ funfun jáde, wọ́n gbọn ọ́n bí ẹni ń gbọn àpò gààrí, fàdákà náà sì jábọ́. Ọ̀kan fi etí ẹ̀wù nù ún. Baálé mú ọ̀pá rẹ̀ dání ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kí bàbá mi má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n gbé ìbọn dání. Ògbufọ̀ ní, "Tí ayẹyẹ bá ti parí, wọ́n máa dá a padà. Mo ti sọ fún yín." Ìyá Àgbà fi Yorùbá tó já gaara dá a lóhùn, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀: "O gbé ọmọ mi lọ, o mọ ibi tí o ti gbé e. Mò ń dúró."

Bàbá mi lọ sí ayẹyẹ náà. Ó ní wọ́n gbé e sórí ìrọ̀rí kan, wọ́n pe orúkọ Sètónjí, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì ó lọ gbà á. Wọ́n ní kó padà wá. Ó padà lọ. Wọ́n ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò. Ó tún padà lọ, ó ń padà lọ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ, tí wọ́n fi ní bí ó bá tún wá, àwọn yóò tì í mọ́lé.

Nínú ilé wa, sàréè tí a hú, a kì í bò ó lófìfo. Ẹni tí ó bá bò ó ti pe òkú mìíràn. Nítorí náà ó wà ní líla. Bàbá mi tẹ́ pákó lé e lórí kí ọmọdé má bàa jìn sí i. Ìyá Àgbà kò wọ yàrá náà sùn mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń sùn, ní ọyẹ́, ní òjò. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, wọn kò lè sin ín sí yàrá rẹ̀, nítorí ìyá kì í wọ sàréè ọmọ rẹ̀. Ìta ni wọ́n sin ín sí, òun, ìyá akọni, bí àlejò. Òyìnbó ti lọ, wọ́n kó ìjọba fún àwọn tiwa, mo sì ti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ti ọ̀hún ní ìlú òyìnbó àti àwọn ti ibí. Àwọn ti ọ̀hún ní Èkó ni ó wà. Àwọn ti Èkó ní òyìnbó gbé e lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wọ táì nínú ọ́fíìsì tútù ní, "Ẹ má bínú, Màmá, a lè bá yín ṣe irú rẹ̀ tuntun." Mo bi í pé bí wọ́n bá jí òkú bàbá rẹ̀ gbé, ṣé yóò gba tuntun. Ó ní kí n má gbé ohùn sókè.

Mo gbé e sókè. Ẹ̀yin tí ẹ jogún ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, àti ẹ̀yin tí Ajẹ́lẹ̀ ń jíṣẹ́ fún, ẹ̀yin ni mò ń bá wí, kì í ṣe olùkàwé tí yóò bá mi kẹ́dùn. Ta ni ó pàṣẹ kí wọ́n hú sàréè Sètónjí? Ta ni ó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá lẹ́yìn ayẹyẹ náà? Inú dúrọ́ọ̀ ta ni ó wà, tàbí ara ògiri ilé ta ni ẹ fi í kọ́ sí? Bí ẹ bá ní ọba kò sọ pé dípò rẹ̀ ni, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Bí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀, òkú wa ló wà lọ́wọ́ yín. Níbo ni ẹ gbé e sí?